Orúnkún Ìbídùnní

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó yáa lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jóná, ẹ má wá sọ pé èmi ni mo fi ìtàn dè yín mọ́lẹ̀. Ìtàn tí mo ṣèlérí fún yín, ìtàn àga kan àti orúnkún méjì ni. Ìdó-Àlùkò ló ti ṣẹlẹ̀, ní àsìkò tí òjò ti ń gba ìwé àṣẹ kó tó rọ̀, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì lè kọ lu òkúta láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kan níbì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìyọkúrò ni, ọjọ́ tí ìlú ń yan ẹni tí yóò dúró nínú ẹgbẹ́ họ́kì, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Aago kan ọ̀sán ti kọjá, Láoyè sì ti dìde, ó ń ju apá bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì.

"Ẹ má bá mi da àánú pọ̀ mọ́ họ́kì!" ni ó ń wí. "Kí ló ń pa ẹgbẹ́ Àlùkò láti ọdún mẹ́ta? Ọwọ́ òsì ni! Ìlú yòówù tó bá wá síbí, ọwọ́ òsì wa ni wọ́n ń gbà wọlé, bí ewúrẹ́ tó rí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin yìí, ọ̀tún nìkan ló mọ̀. Kóòṣì ní kó kọ́ òsì, ó ní òun kò lè yí ọ̀pá dà. Ọdún méjì la fi ń bẹ̀ ẹ́. Ṣé ìyàwó la fẹ́ fẹ́ ni?"

"Ìwọ Láoyè, ìyàwó tìrẹ ńkọ́, ọdún mélòó lo fi bẹ̀ ẹ́?" Àńtí Kíkẹ́lọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga kejìdínlógún. Olùkọ́ ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ẹ̀yìn kíláàsì láìpariwo. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìbídùnní. A kì í gbin ọ̀pẹ lánàá ká máa wá ẹyìn nídìí rẹ̀ lónìí."

"Akọ ọ̀pẹ ni Aríwájú pè é, Àńtí! Ta ni yóò jókòó ti akọ ọ̀pẹ de ẹyìn?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àga ogójì ló wà lábẹ́ òrùlé pápá náà, òrùlé tó ń mu oòrùn lókè tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀, àga ogójì, kò lé, kò dín. Ẹni tó ní àga ló ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan, ẹni tó fẹ́ kó dúró yóò dìde, ẹni tí kò fẹ́ yóò jókòó. Àga fúnra rẹ̀ ló ń ka ìdí, kò sì ṣì í kà rí. Orúkọ méjìdínlógún ni òfin gbà fún ìlú kan. Mórádékẹ́ akọ̀wé ti ka mẹ́tàdínlógún, wọ́n ti dìde fún wọn. Ó ku ẹyọ kan. Bí aago méjì bá lù tí orúkọ kò pé, Àlùkò kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan títí ọdún yóò fi yípo.

Lórí àga kejì, ní iwájú pátápátá, ni Màmá Fẹ̀hìntọlá jókòó sí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó ti tún ìró rẹ̀ ró lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti wọ̀ ọ́ padà.

"Olùjókòó Kejì," ni àga náà wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, "àyà yín ń lù ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé kí n pe dókítà?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni màmá sọ lábẹ́ eyín.

"Màmá, ẹ mu omi," Mórádékẹ́ sọ láti ìsàlẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Láoyè ò tíì parí. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ni, bí irú wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ nǹkan, wọn kì í dáwọ́ dúró àfi tí wọ́n bá dé ibi tó tutù. "Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Aríwájú! Sọ ohun tí o rí nípa ọmọ yìí."

Ẹ̀rọ ni Aríwájú, kò ní ojú, kò ní orí. Inú òpó tó wà láàárín pápá ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní ẹ̀gbà dúdú kan lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ̀gbà yìí ló ń sọ ìrìn wọn fún un, tọ̀sán-tòru. Ní ti Aríwájú, kò sí pé ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Ó rí i tàbí kò rí i ni.

"Ìbídùnní ọmọ Adéwọyin," ni Aríwájú wí. "Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní oṣù Ẹrẹ́nà. Fún ogójì ọjọ́, bí ó bá gun àtẹ̀gùn, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sáré, eré náà kò ju ìrìn kánkán lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún tó ti ké rí yóò tún ké. Mi ò rí ìdàgbàsókè kankan níwájú rẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" Láoyè pàtẹ́wọ́. "Ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn! Ẹ̀yin ará, orúnkún ìyá arúgbó ni wọ́n rọ mọ́ ọmọ yìí lẹ́sẹ̀!"

Ẹ̀rín bú bí ìgbà tí àgbàrá bá já. Ọ̀kan di ẹ̀gbẹ́ mú, òmíràn ń lu èjìká ẹnìkejì rẹ̀. Màmá Fẹ̀hìntọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìró bo orúnkún ọ̀tún ara rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tètè máa ń gbọ́n ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù bá wa.

Àṣà Ìdó-Àlùkò ni pé agbábọ́ọ̀lù tó bá wá láti oko kì í gbé ilé àlejò. Ẹni tó ní àga ni yóò gbà á sílé títí yóò fi pé ọmọ ogún ọdún. Yóò bọ́ ọ, yóò bá a wí, ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa ṣí ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ọmọ náà bó bá fẹ́ wẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí Ìbídùnní ti ń gbé ilé Màmá Fẹ̀hìntọlá. Àwọn ọmọ tí màmá bí wà lókè òkun, àwòrán wọn ló ń wá kí i lójú ògiri ní ọjọ́ Àìkú. Ìbídùnní ló ń jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òun ló ń fi òróró ra orúnkún màmá, òun náà ló ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìrìn rẹ̀, tí wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ẹgbẹ́ wà ní ìsinmi, ìyá Ìbídùnní kú ní Àgọ́ Ẹlẹ́ran. Abúlé yẹn wà lẹ́yìn òkè, Aríwájú kò lójú níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òfin fún òkú. Bí ẹ̀gbà bá kúrò lójú Aríwájú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, orúkọ ẹni tó ni ín ti pa rẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àkọ́bí obìnrin ni Ìbídùnní, ní ìdílé wọn, àkọ́bí obìnrin kì í kúrò nílé òkú kí ogójì ọjọ́ tó pé. Bó bá kúrò, wọ́n á ní kò sin ìyá rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò lè lọ, kò lè dúró, ó kàn ń sunkún. Màmá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ìka ṣí ẹ̀gbà náà, ó bọ́ ọ, ó sì fi í sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Lọ sin ìyá rẹ," ni ó sọ.

Bí màmá bá ti kàn jókòó, tó ń mi ẹsẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ ìbá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló kó o sí wàhálà. Ó ní ìwé ọmọ náà kò gbọdọ̀ ṣófo. Ìdájí ni ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń jí, tí yóò ká ìró sókè, tí yóò máa sáré yí ebè ẹ̀gẹ́ ká lẹ́yìnkùlé, ìgbà mẹ́wàá, ìgbà méjìlá, tí àwọn adìẹ á máa wò ó. Ó ń gun àtẹ̀gùn òkè ilé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rò pé òun ń fi kún un. Aríwájú sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni eré Ìbídùnní mọ. Aríwájú mọ ìrìn, kò mọ ọ̀fọ̀.

Òfin ẹ̀gbà kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ara ògiri ẹnu ọ̀nà pápá ni wọ́n kọ ọ́ sí pẹ̀lú ọ̀dà osùn: Ẹsẹ̀ tó bá wọ ẹ̀gbà ẹlòmíràn, àga kì yóò gbà á mọ́ títí ọjọ́ ikú. Ẹni tó ni ìka tó ṣí i ló ni ẹ̀bi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìyọkúrò gan-an, nídìí àgbá omi, Ìbídùnní ti di ọwọ́ màmá mú.

"Ẹ má sọ ọ́ o, Màmá. Mo bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá yọ mí, màá padà soko. Mo mọ ẹran sìn."

"Ta ló ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan?"

"Ojú yín ni. Láti ìjẹta ni ẹ ò ti jẹun kánú. Màmá, ẹ gbọ́ mi. Àga yẹn ni ilé yín. Ilé tí à ń gbé yìí, ẹ kàn ń sùn síbẹ̀ ni."

Màmá já ọwọ́ gbà, ó ní kó lọ wá ọ̀pá rẹ̀, kó má pẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ lọmọ sọ. Bàbá tó bí Màmá Fẹ̀hìntọlá ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga kejì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni òun nígbà tó jogún rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló ti fi jókòó níbẹ̀. Ó sin ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó sì wà lórí àga náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú aṣọ dúdú, ó ń pariwo pé kí aṣọ́lé sún síwájú. Bí òjò ìjọba bá fẹ́ wọ abẹ́ òrùlé lójijì, tìmùtìmù àga náà ló kọ́kọ́ ń dáàbò bò, kó tó rántí gèlè orí rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn nígbà tí Láoyè ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó," Láoyè ń wí, "n kò kórìíra ọmọ náà o. Họ́kì ni mò ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan wà níhà Òkè-Agbe, Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Òsì ni wọ́n bí i sí! Aríwájú ní bí yóò bá fi pé ọmọ ogún ọdún, kò sí ẹni tí yóò lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ rẹ̀ dípò, ká mú un wálé ká máa tọ́ ọ."

"Àwa ò tíì tọ́ tilé tán, à ń wá ti ìta," Àńtí Kíkẹ́lọmọ dá a lóhùn. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà, bí orúnkún rẹ̀ bá ké lẹ́ẹ̀kan péré, ṣé a ó tún lé e ni? Ìgbà wo gan-an ni a fẹ́ tọ́ ẹnìkan parí?"

"Aríwájú kò rí i pé yóò ké."

"Ìwọ náà ńkọ́, kí ni ìwọ rí?"

Láoyè nawọ́ sí òpó. "Kí ni mo fẹ́ rí ju ohun tí Aríwájú rí?"

Mórádékẹ́ wo aago. "Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dìde ká jókòó. Ìbídùnní ọmọ Adéwọyin. Ẹni tó fẹ́ kó dúró, kó dìde."

Àńtí Kíkẹ́lọmọ dìde. Ìyá alágbẹ̀dẹ dìde. Àwọn ìbejì ọkùnrin tó ni àga kẹtàlélọ́gbọ̀n àti ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n dìde, wọ́n wo ara wọn, wọn ò jókòó padà. Màmá Fẹ̀hìntọlá dìde. Àwọn mẹ́ta mìíràn fà sókè bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

"Mẹ́jọ nínú ogójì," ni àwọn àga wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mórádékẹ́ mí kanlẹ̀. Ó gbé ìka sókè láti fi pa orúkọ náà rẹ́ lójú dígí tó wà níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì ògiri, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń dúró, ẹnìkan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Pàù. Pàù. Pàù. Kò yára, kò falẹ̀. Màmá mọ ẹni tó ń gbá a.

"Mórádékẹ́, dúró."

"Màmá, ó ti parí o. Mẹ́jọ ni."

"Mo ní kí o dúró. Ẹ̀gbà òfìfo ṣì wà nínú àpótí yẹn?"

Akọ̀wé wo àpótí. Àwọn ẹ̀gbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi gba agbábọ́ọ̀lù tuntun wọlé. "Ó wà, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mú ọ̀kan wá."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ni?" Láoyè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará, òsì wa ti dé o!"

Mórádékẹ́ gun òkè wá, Màmá sì gba ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, níwájú gbogbo wọn, títí dé òkè orúnkún, ohun tí ẹnìkan kò rí i kó ṣe rí. Ó fi ẹ̀gbà náà sí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni. Ó sọ̀ mẹ́ta, ó dúró, ó di ọ̀pá ìdìmú mú. Ó sọ̀ mẹ́ta, ó tún dúró. Ó sọ̀ mẹ́ta tó kù. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó gun ún padà, bákan náà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mí.

Ohùn jáde láti inú òpó.

"O kú ìrìn, Ìbídùnní," ni Aríwájú wí. "Orúnkún rẹ kò tíì san."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù ń lu ògiri. Pàù. Pàù.

"Èmi ni," ni màmá sọ. "Ogójì ọjọ́. Ìyá rẹ̀ kú, mo ní kó lọ. Ìka mi ló ṣí i. Ẹ má bi ọmọ náà ní nǹkan kan."

"Màmá." Mórádékẹ́ tọ́ka sí ògiri ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ẹ mọ ohun tí òfin sọ."

"Mo ń kà á lójú ògiri láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ."

"Kí ló dé tí ẹ sáré?" Láoyè ló bèèrè. Kò pariwo mọ́. "Màmá, ó ní eré sísá wà níbẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ sáré?"

"Mo rò pé ó máa ràn án lọ́wọ́ ni."

Láoyè wo ilẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ó ti sọ tirẹ̀, ó ti bá ìyá tó ń fún un ní ẹ̀pà sísè láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

Mórádékẹ́ ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ pa láṣẹ. Ó fi ìka kan dígí, iná kékeré tó wà lábẹ́ àga kejì kú. Ó tún kan dígí, ó sì sọ fún wọn pé, níwọ̀n bí ogójì ọjọ́ ti bàjẹ́, gbogbo ohun tí Aríwájú rí níwájú ọmọ náà kò dúró mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún yàn, láìsí Aríwájú.

"Pẹ̀lú kí ni?" ẹnìkan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Pẹ̀lú ojú yín."

Wọ́n wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n ní kó fi eyín ṣán igi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń wo pátákó Aríwájú bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ. Wọ́n mọ iye ìgbà tí Ìbídùnní fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń fi ọ̀pá kàn án, ta ló wò ó?

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni Mórádékẹ́ wí.

"Mo rí nǹkan kan," ni Láoyè sọ. Ó ń pa ọwọ́ pọ̀. "Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí àwọn ará Òkè-Agbe wá. Bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò wò ó. Ó kàn na ọ̀pá sẹ́yìn, bí ìyá ṣe ń na ọwọ́ sẹ́yìn kan ọmọ tó pọ̀n. Bọ́ọ̀lù dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́. Mo gbé ojú sókè wo pátákó, pátákó kò kọ nǹkan kan, mo wá rò pé ojú mi ló ń tàn mí." Ó gbé ojú sókè. "Kò tàn mí. Mo rí i."

"Èmi náà rí i," Ìyá alágbẹ̀dẹ sọ. "Mo ti gbàgbé pé mo rí i."

"Ìbídùnní ọmọ Adéwọyin," ni Mórádékẹ́ wí. "Ẹni tó fẹ́ kó dúró, kó dìde."

Wọ́n ń dìde ní ẹyọ ẹyọ. Àwọn kan dìde, wọ́n tún jókòó. Àwọn kan kò mira rárá, wọ́n ní òfin ni òfin, ilé tí wọ́n ti wọ ẹ̀gbà ẹlòmíràn kò yẹ kó ní agbábọ́ọ̀lù. Màmá Fẹ̀hìntọlá dúró lórí àtẹ̀gùn, kò sí àga tó ń ka tirẹ̀ mọ́.

"Mọ́kàndínlógún nínú mọ́kàndínlógójì," ni àwọn àga wí.

Láoyè ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ti jókòó, bóyá ìtìjú ló mú un jókòó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú ti yí sí i. "Ah ah," ni ó wí, "ṣé n kò tíì dìde ni?" Ó fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ta.

"Ogún nínú mọ́kàndínlógójì. Orúkọ dúró."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín níbí, kẹ́ ẹ lè fi sọ́kàn: ká ní àga kejì ṣì wà nínú kíkà ni, mọ́kànlélógún ni ìbá tó. Màmá ìbá dìde fún un, wọn ìbá sì pé mọ́kànlélógún bákan náà, orúkọ náà ìbá sì dúró láìsí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ ló dìde nígbà tí ó ṣì ní àga.

Ariwo sọ. Mórádékẹ́ fi orúkọ ránṣẹ́, aago méjì lù. Nínú ariwo yẹn ni màmá padà sí àga kejì láti mú tìmùtìmù rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé apá àga náà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ àti tirẹ̀ ti fi igi dán.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni àga wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ta ni yín?"

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lára igi. Ó mú tìmùtìmù rẹ̀, ó fi í há abíyá, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, àwọn ará Òkè-Agbe wá gbá bọ́ọ̀lù ní Ìdó-Àlùkò. Màmá Fẹ̀hìntọlá ò bá wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ògiri ló gbà, níbi tí àpáta kan wà tí àwọn ewúrẹ́ máa ń sùn sí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Àgbà tí wọ́n gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Àpáta ni yóò gùn. Ó gùn ún, ó sinmi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó tẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ewúrẹ́ méjì, ó jókòó.

Òrùlé tó ń mu oòrùn bo ibi tó pọ̀ nínú pápá. Láti orí àpáta, etí pápá kan ṣoṣo lèèyàn lè rí, èyí tó kọjú sí òkè. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, etí yẹn bọ́ sí ọwọ́ òsì Àlùkò. Màmá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ọ̀tún ni ọmọ òun ń gbá, kò ní rí i títí ìdajì àkọ́kọ́ yóò fi parí.

Ó rí i. Jẹ́sì pupa bí osùn kan yọ lábẹ́ òrùlé, ó ń sáré bọ̀ ní etí pápá. Ọwọ́ òsì. Ìbídùnní, tí wọ́n ti bẹ̀ fún ọdún méjì. Bọ́ọ̀lù sá ṣíwájú, ọmọ náà yí ọ̀pá dà, ó ṣì í, bọ́ọ̀lù jáde síta. Àwọn ènìyàn hó lé e lórí. Ó tún ṣe é, ó tún ṣì í. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yí ọ̀pá dà, bọ́ọ̀lù sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ìdajì kejì, àwọn ẹgbẹ́ pààrọ̀ ilé, bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún Àlùkò ló wá bọ́ sí etí tó kọjú sí àpáta. Ìbídùnní kúrò ní òsì, ó padà sí ọ̀tún. Kóòṣì na ọwọ́ sí i, òkè àpáta ni ọmọ náà ń wò. Nínú òpó, wọ́n gbọ́ tí Aríwájú ń sọ pé òun kò rí ìdí tí agbábọ́ọ̀lù yìí fi ń pààrọ̀ ọwọ́. Gbogbo ọdún yẹn ló fi gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, òsì ní ìdajì kan, ọ̀tún ní ìdajì kejì, títí kò fi sí ìlú tó tún rí ọwọ́ kan tó ṣí sílẹ̀ lára Àlùkò. Aríwájú kò rí ìdí náà títí di òní.

Lẹ́nu Láoyè ni mo ti gbọ́ ọ, Láoyè tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, lọ́jọ́ tó wá gbẹ́ kànga wa. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ojú rẹ̀ ló ṣe. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta, ojú rẹ̀ náà ló ṣe, nítorí kí ìdajì àkọ́kọ́ ọjọ́ yẹn tó parí ni àga rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀ kiri pápá tí kò rí i. Ó ti wà lórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó ń lé ewúrẹ́ kan dìde kí òun náà lè ríbi jókòó.